Èékánná Kì Í Parọ́

Tiwátọ́pẹ́ dùbúlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ tó fi ń lọ àgbàdo. Ìyẹ̀fun bo irun rẹ̀. Púlì, kẹ̀kẹ́ irin tó fò lù ú láyà, wà lẹ́bàá ògiri, bẹ́líìtì ṣì wé mọ́ ọn.

Aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni, ní àdúgbò Gwagwarwa, nílẹ̀ Hausa. Òjò ti rọ̀ mọ́jú.

Ìnspẹ́kítọ̀ Ọmọ́ṣọlá Adéwùnmí kúnlẹ̀. Ó mọ òkú náà. Ṣọ́ọ̀ṣì kan náà ni wọ́n ń lọ ní Sabon Gari, bẹ́ǹṣì kan náà ni wọ́n jọ jókòó lé nígbà èwe. Wọ́n ti kéde ìgbéyàwó Tiwátọ́pẹ́ nígbà méjì nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Sunday tó ń bọ̀ ni ẹ̀ẹ̀kẹta.

Ó yíjú sí ẹ̀rọ. Ṣáàfù, ọ̀pá irin tí ń yí púlì, ti ṣẹ́ sí méjì. Èjìká rẹ̀ ló ti ṣẹ́, níbi tí irin ti sanra bọ́ sí tín-ín-rín. Ìdajì wà nínú ẹ̀rọ, ìdajì bá púlì lọ.

Ọmọ́ṣọlá gbé ìdajì ti ara púlì wò. Ní ìdí rẹ̀, òróró àti ìyẹ̀fun ti pò pọ̀ di ẹrẹ̀ dúdú. Nínú ẹrẹ̀ yẹn ni lẹ́tà kan wà tí wọ́n fi òǹtẹ̀ lù sára irin. C ni. Inú lẹ́tà náà ń dán bí eyín.

"C ni Collins," ni kọ́pùrà tó dúró lẹ́yìn rẹ̀ wí. "Òun ló ṣe ṣáàfù. Òun náà ni ọkọ ìyàwó."

Collins wà níta. Inú ẹrẹ̀ ló jókòó sí.

"Àǹtí, èmi ni mo ṣe é," ó wí. "Ẹ mú mi."

"Wá wò ó kó o tó sọ bẹ́ẹ̀."

"Rárá." Ó fi ọwọ́ méjèèjì bojú. "Wọ́n ní C wà lára rẹ̀. Ó tó. Ẹ má fi hàn mí."

Wọ́n mú un.

*

Ọ̀gá tésàn kò fẹ́ ọ̀rọ̀ púpọ̀.

"Ó ti jẹ́wọ́," ó wí. "Àwọn aládùúgbò gbọ́ ìjà òun àti ọmọbìnrin náà ní Sunday. Inú bí i, ó ṣe irin tí yóò ṣẹ́. Kó fọwọ́ sí ìwé. Ọjọ́ Ẹtì a gbé e lọ sí kóòtù."

"Ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀ ni, sà. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí ṣáàfù yẹn wọlé. Ìjà Sunday kò lè ṣe irin ọ̀sẹ̀ mẹ́ta."

"Ìnspẹ́kítọ̀, ṣé ọlọ́pàá ni ọ́, àbí wẹ́dà?"

"Bàbá mi ló ṣiṣẹ́ irin, sà. Abẹ́ Bàbá James, bàbá òkú yìí. Inú ṣọ́ọ̀bù wọn ni mo dàgbà sí. Ẹ fún mi di ọ̀sán Ọjọ́bọ̀."

Ọ̀gá mí kanlẹ̀. "Ọ̀sán Ọjọ́bọ̀."

Nínú sẹ́ẹ̀lì, kúlà oúnjẹ kan wà lẹ́sẹ̀ Collins. Kò ṣí i.

"Ta ló gbé e wá?"

"Màmá Tiwá. Wọ́n ní àwọn kò gbà pé mo ṣe é." Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà kò gùn. "Àǹtí, ẹ bá mi wá bírò. Kí n fọwọ́ sí i, kí wọ́n so mí kọ́, kí n lọ bá a."

"Kí lẹ jà sí ní Sunday?"

"Ẹ̀rọ yẹn ń ké. Mo ní kó dá a dúró, kí n tú u wò. Ó ní Bàbá ti wá wò ó ní Jímọ̀, Bàbá ní kò sí nǹkan." Ó wo ilẹ̀. "Bí Bàbá bá ti ní kò sí nǹkan, ta ni èmi? Ọwọ́ wọn ni mo ti kọ́ṣẹ́. Mo pariwo díẹ̀, mo bá tèmi lọ."

Ọmọ́ṣọlá mú bírò rẹ̀ padà sí àpò.

*

Ọmọ́ṣọlá gbé irin tó ṣẹ́ náà lọ sí ojú fèrèsé.

Ojú ibi tó ṣẹ́ kò rí bákan náà. Apá tó pọ̀ jù jọ̀lọ̀, ó ní ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́, bí èyí tí omi ń fi sílẹ̀ lórí yanrìn bó bá ń fà. Apá kékeré tó kù rí págunpàgun, ó ń dán bí ṣúgà.

Ayùn kọ́ ló gé e. Ó ti ń ya láti ọjọ́ púpọ̀, díẹ̀díẹ̀, kí èyí tó kù tó já lẹ́ẹ̀kan náà.

Èjìká méjì ni ṣáàfù náà ní. Ọ̀kan ti ṣẹ́. Ọmọ́ṣọlá wo èkejì. Òde irin ń dán bíi dígí. Ẹnì kan ti fi sánpépà ra á, ó sì pẹ́ lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n igun èjìká mú bí ọ̀bẹ. Ó fi èékánná fà á. Èékánná rẹ̀ há. Ojú ọgbẹ́ irin gígé wà nínú igun náà, ó jìn, ó sì yí irin náà po.

Nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án, Bàbá James di ìka rẹ̀ mú lórí irin kan báyìí. "Ojú ń parọ́, Ṣọlá," ó wí. "Èékánná kì í parọ́."

Iṣẹ́ Collins kọ́ nìyí. Ó ti rí iṣẹ́ Collins rí.

*

Ṣọ́ọ̀bù Desmond kọjú sí ti Tiwátọ́pẹ́. Òun náà ń lọ àgbàdo. Ọmọ́ṣọlá lọ bá a.

"Wọ́n ní ìwọ àti Tiwá kì í rẹ́."

"Ta ló ń bá Tiwá rẹ́? Ẹnu rẹ̀ mú ju ẹ̀rọ rẹ̀ lọ." Desmond ń nu ọwọ́ sí ṣòkòtò, kò sì dáwọ́ nínù dúró. "Bí èrò bá pọ̀ jù lọ́dọ̀ rẹ̀, á ní, 'Ẹ lọ bá Desmond, bẹ́ ẹ bá fẹ́ràn yanrìn nínú tuwo.' Ṣùgbọ́n ó ń rán wọn wá ṣá o. Lójoojúmọ́ ló ń rán wọn wá."

Ojú rẹ̀ pọ́n.

"O wọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ láàárọ̀ yẹn."

"Èmi ni mo pa ẹnjinni. Kò séèyàn níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn mi ni àwọn ará àdúgbò rọ́ dé. Bàbá James wọ kẹ̀kẹ́ Adaidaita dé. Ó lé gbogbo wa síta. Ó ní òun fẹ́ gbàdúrà sí ọmọ òun létí."

"Ẹ gbọ́ àdúrà náà?"

"Ẹkún la gbọ́. A tún gbọ́ ìró irin. Kò! Ẹ̀ẹ̀kan péré. Mo rò pé ó ń gbé púlì kúrò ni. Ìgbà yẹn ni Màmá náà dé, wọ́n ń ké bọ̀ lójú ọ̀nà."

"Lẹ́yìn ìyẹn?"

"Bàbá jáde. Ó ní, 'Iṣẹ́ Collins ni.' Kò sọ nǹkan mìíràn mọ́."

*

Àárọ̀ Ọjọ́rú, àwọn ọmọ ìjọ kún ilé Bàbá James. Wọ́n ń kọrin jẹ́jẹ́. Bàbá jókòó lórí ẹní, aṣọ funfun lọ́rùn, kò bá wọn kọrin.

Rose ìyàwó rẹ̀, Màmá Tiwá, jókòó tì í pẹ̀lú àwo ẹja. Ó ń ṣa egungun ẹja náà, ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ń tò ó sí etí àwo. Nígbà tó ṣà á tán, ó tì í sí iwájú ọkọ rẹ̀.

"Ọmọ́ṣọlá, jókòó, mu kunu," Rose wí. "Ìwọ náà ó ṣáà fara mọ́ ọn bẹ́ẹ̀. Kò sí ṣúgà nínú ilé yìí mọ́."

Ọmọ́ṣọlá mu ún. Ó wo egungun tí Rose tò. Àwọn tọkọtaya yìí ti fẹ́ra fún ogójì ọdún, ó rò. Báyìí ni ìfẹ́ àgbà ṣe ń rí.

"Bàbá, mo fẹ́ wo àwòrán ṣáàfù náà."

"Ó wà ní ṣọ́ọ̀bù." Bàbá tú kọ́kọ́rọ́ nídìí, ó nà án sí i. Kò wo ojú rẹ̀. "Ṣé Collins ti fọwọ́ sí ìwé?"

"Kò tíì fọwọ́ sí i, sà."

Bàbá mi orí.

*

Hàrúnà tó máa ń bá àwọn tó ń lọ àgbàdo to ẹ̀rọ wà ní Yankaba, lábẹ́ jẹnẹrétọ̀ kan. Ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ni Ọmọ́ṣọlá rí. Hausa ni wọ́n sọ.

"Sannu, Hàrúnà. Jáde."

Ó jáde, òróró dé ìgúnpá.

"Ta ló gbé ṣáàfù náà fún ọ?"

"Bàbá fúnra rẹ̀. Ó fi aṣọ wé e bí ọmọ tuntun."

"Ṣé ó wọlé wẹ́rẹ́?"

"Kò wọlé wẹ́rẹ́. Béárìn, òrùka irin tó ń gbé ọ̀pá ró, rọra wọ̀ ọ́ títí dé àárín, ó bá há. Apá kan sanra ju èkejì lọ. Òòlù ni mo fi parí ẹ̀. Ó yà mí lẹ́nu. Iṣẹ́ Collins kì í há."

"Ṣé o rí C lára rẹ̀?"

"Wallahi, n kò rí òǹtẹ̀ kankan. Àtàǹpàkò mi yìí ni mo fi ra gíríìsì sí ìdí rẹ̀. Pẹrẹsẹ ló wà. Mo bi Bàbá: òǹtẹ̀ dà? Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, 'Òǹtẹ̀ ń bọ̀.'"

"Kí ló dé tí o kò sọ èyí fún ẹnikẹ́ni?"

Hàrúnà wò ó bí ẹni tó bi í ní ìbéèrè òpè. "Madam, ọmọ bàbá náà ló kú."

*

Ṣọ́ọ̀bù Bàbá wà ní títì. Ọmọ́ṣọlá yọ kọ́kọ́rọ́.

Ibẹ̀ ló ti rí wọn. Àwọn òǹtẹ̀ so mọ́ okùn kọ́kọ́rọ́ náà, igi irin kéékèèké, lẹ́tà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bó ṣe rí nínú ṣọ́ọ̀bù yìí láti ayé bàbá rẹ̀ nìyẹn. Òṣìṣẹ́ kì í mú òǹtẹ̀ ara rẹ̀ dání. Bó bá parí iṣẹ́, Bàbá á fi èékánná wò ó. Bí Bàbá bá gbà, á tú òǹtẹ̀ fún un. Òṣìṣẹ́ á lù ú, á fi fáìlì ra etí tó hù lára lẹ́tà náà, á dá òǹtẹ̀ padà. Òǹtẹ̀ kì í sun ibòmíràn bí kò ṣe ìdí Bàbá.

Ó gbé C sí ìmọ́lẹ̀. Òróró àti ìyẹ̀fun àgbàdo ti gbẹ sínú lẹ́tà náà.

Ọmọ́ṣọlá dúró lẹ́nu ọ̀nà fún ìgbà díẹ̀. Ó wù ú kó má wọlé.

Ó wọlé.

Àwòrán náà wà lára ògiri. Ọwọ́ Bàbá ló yà á, ó sì dára. Ibi tí kò kan ẹnikẹ́ni, ó fi àyè sílẹ̀: bó gùn díẹ̀, bó kúrú díẹ̀, kò burú. Ibi tí ẹ̀mí wà, kò fi àyè sílẹ̀. Níbi tí béárìn ń jókòó, ìyàtọ̀ etí kan sí èkejì kò gbọdọ̀ ju ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún mìlímítà. Igun èjìká gbọdọ̀ yí, mìlímítà mẹ́ta, kó sì jọ̀lọ̀. Bàbá kọ ọ̀rọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀: *Ibi igun tó mú ni irin ti ń kú.*

Ó fi maikiromítà, ohun èlò tó ń ka ìdá kéékèèké, wọn irin tó ṣẹ́. Ìdá mẹ́jọ ni ìyàtọ̀ rẹ̀.

Ẹ̀rọ léèdì tí wọ́n fi ń gbẹ́ irin, mẹ́ta ló wà níbẹ̀. Méjì jẹ́ tuntun. Ẹ̀kẹta, ní kọ̀rọ̀, ni ti Bàbá. Ojú irin tó ń rìn lórí rẹ̀ ti jẹ lápá kan, nítorí náà kò lè gé ọ̀pá kó dọ́gba mọ́. Gbogbo Sabon Gari ló gbọ́ pé Bàbá ti fi í sílẹ̀ láti ọdún méjì.

Ọmọ́ṣọlá tẹ̀ wo abẹ́ rẹ̀. Ẹ̀há irin, èérún tí léèdì ń gé jáde, wà níbẹ̀, ó ti dógùn-ún, ó pọ́n bí iyẹ̀pẹ̀. Lórí wọn ni ẹ̀há mìíràn wà. Ìyẹn ṣì funfun. Nínú òjò oṣù August yìí, ẹ̀há ọdún méjì kò lè funfun.

Ó fa dúrọ́ọ̀ léèdì náà. Ohun kan wà níbẹ̀ tí wọ́n fi ògbólógbòó sùtánà wé. Ṣáàfù ni. Igun rẹ̀ yí roboto. C wà ní ìdí rẹ̀, wọ́n ti ra etí rẹ̀ kúrò mọ́nímọ́ní.

*

Àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, ó ránṣẹ́ pe Bàbá sí ṣọ́ọ̀bù.

Irin méjì wà lórí tábìlì, aṣọ bò wọ́n. Èjìká kọ̀ọ̀kan nìkan ló yọ jáde.

"Bàbá, ẹ bá mi fi èékánná wò wọ́n. Bí ẹ ṣe kọ́ mi. Ẹ di ojú."

Ó pẹ́ kí arúgbó náà tó súnmọ́ tábìlì. Ó di ojú. Ó fi èékánná fa igun ti àkọ́kọ́. Ó fa ti èkejì. Ó tún padà sí àkọ́kọ́.

"Méjèèjì jọ̀lọ̀," ó wí.

Ọmọ́ṣọlá di etí aṣọ náà mú.

"Ẹ la ojú, sà."

Ó ṣí aṣọ kúrò. Bàbá rí èyí tó ṣẹ́. Ó rí èyí tó fi pamọ́. Ó fà sẹ́yìn, ó jókòó sórí àpótí.

"Láti ìgbà wo ni ìka yín ti kú?"

"Ọdún méjì. Ìtọ̀ ṣúgà ni."

"Ta lẹ sọ fún?"

"Ta ni kí n sọ fún? Kí ṣọ́ọ̀bù yìí fi kí ni wo iṣẹ́?"

"Kí ló dé tí ẹ kò gbé ti Collins lọ fún un?"

Bàbá wo léèdì rẹ̀ ní kọ̀rọ̀.

"Tiwá ló ní kí Collins ṣe é. Ó ní, 'Bàbá, ẹ sinmi, ọwọ́ yín ti rẹ̀.' Níwájú èrò ló ti sọ ọ́. Kò fi ibi sọ ọ́. Wọ́n rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín." Ó fi àtàǹpàkò ra ìka rẹ̀. "Mo ní kí n ṣe é fúnra mi. Kó máa fi lọ àgbàdo, kó máa yin Collins. Bó bá di ọjọ́ ìgbéyàwó, màá lu J, òǹtẹ̀ tèmi, sí i. Màá ní, wò ó, ọwọ́ bàbá rẹ ló ti ń ṣiṣẹ́ fún ọ látọjọ́ yìí."

"Nígbà tó ń ké ńkọ́?"

"Ó pè mí. Mo fi èékánná wò ó. N kò bá nǹkan kan. Mo ní kò sí nǹkan. Ó gbà mí gbọ́."

Òjò ti tún bẹ̀rẹ̀ lórí páànù.

"Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Bàbá. Ẹ lé wọn síta."

"Mo wo ojú ibi tó ṣẹ́ kí n tó wo ojú ọmọ mi. Ẹ̀ṣẹ̀ mi nìyẹn, òun ni kó o kọ́kọ́ kọ. Òòlù Tiwá wà nílẹ̀. Mo mú J. Ọlọ́run mọ̀, J ni mo kọ́kọ́ mú. Mo fẹ́ lù ú. Mo wá gbọ́ ohùn Rose lójú ọ̀nà." Ó na ọwọ́ rẹ̀, ó ń wò ó. "Báwo ni yóò ṣe máa bá ẹni tó pa ọmọ rẹ̀ jẹun? Mo mú C."

"Collins fẹ́ fọwọ́ sí ìwé. Ẹ mọ̀. Ẹ bi mí léèrè lánàá."

"Mo mọ̀."

"Ṣé ẹ óò jẹ́ kó fọwọ́ sí i?"

"Mo ń sọ fún ara mi pé lọ́la ni màá sọ." Ó dìde. Ó tú aṣọ funfun kúrò lọ́rùn, ó ká a, ó fi í sórí léèdì. "Mú mi lọ, Ṣọlá. Kí irọ́ mi má baà tún gùn ju báyìí lọ."

*

Wọ́n tú Collins sílẹ̀ ní ọ̀sán yẹn. Ọmọ́ṣọlá sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún un. Ó gbé ṣáàfù rẹ̀ fún un.

Collins fi èékánná yí igun rẹ̀ po, lẹ́ẹ̀kan.

"Tèmi nìyí."

"Òun ni. Kò dé inú ẹ̀rọ rí."

Ó jókòó sórí àtẹ̀gùn tésàn. Kò lọ síbì kankan.

"Mo gbọ́ tó ń ké, Àǹtí," ó wí. "Mo gbọ́ ọ. Bàbá ní kò sí nǹkan, mo sì gbà."

Ọmọ́ṣọlá jókòó tì í. 

Aago méjìlá ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì, Rose wọlé pẹ̀lú kúlà, bó ti ń ṣe láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun.

"Màmá, Collins ti lọ sílé."

"Mo mọ̀." Ó gbé kúlà sórí káńtà. "Ti Bàbá Tiwá ni."

Òfin ni kí ọlọ́pàá yẹ oúnjẹ wò. Ọmọ́ṣọlá ṣí i. Tuwo ni, pẹ̀lú ẹja. Ẹja náà ti túká, ẹran ara rẹ̀ nìkan ló wà níbẹ̀.

Ọwọ́ rẹ̀ dúró lórí ìdérí.

"Kò sí egungun nínú rẹ̀," Rose wí. Ògiri ló ń wò. "Ó ti pé ọdún méjì tí mo ti ń bá a ṣà á. Ọwọ́ rẹ̀ kò mọ̀ ọ́n mọ́. Ó gbé ọ̀kan mì, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kú. Ó ní kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni."

Ó tún gèlè rẹ̀ wé.

"N kò sọ."